Ẹ Má Jẹ́ Kí Wọ́n So Wáyà Háńbíréèkì Yín: Ìkìlọ̀ fún Ẹ̀yin Tó Ń Gbé Ọkọ̀ Àtijọ́ Wọ Balógun

Ẹni tó bá mọ Ọjà Balógun dáadáa mọ̀ pé kò sí ààlà níbẹ̀ láàárín ọkọ̀ àti èèyàn. Ojú títì ni ọjà, ọjà ni ojú títì. Láti ẹsẹ̀ Afárá Èkó ní Apọ́ngbọ̀n, gba Òpópónà Martins àti Broad Street, títí dé Nnamdi Azikiwe àti Ìdúmọ̀tà níbi tí Afárá Carter ti sọ̀ kalẹ̀, ẹ ó rí àwọn ìyá tó pàtẹ aṣọ àti bàtà síbi tí bọ́ńpà ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orí wọn. Aláàárù á máa sáré bọ̀ pẹ̀lú ẹrù aṣọ lórí, "Àgò o, àgò!" ni yóò máa pariwo, kò ráyè wẹ̀yìn. Oníbàárà á rọra gba àárín ọkọ̀ méjì tó dúró kọjá, ọmọ á wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní irú ibẹ̀ yẹn, ọkọ̀ tó bá yí ní ẹsẹ̀ bàtà méjì péré, láìsí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀, lè fọ́ orúnkún èèyàn mọ́ ara ọkọ̀ kejì.

Àwọn kan á ní Ìsàlẹ̀ Èkó tẹ́ pẹrẹsẹ, pé kò sí òkè níbẹ̀, pé kí ni wọ́n fẹ́ fi háńbíréèkì ṣe. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ afárá jẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ilé ìgbọ́kọ̀sí alájà, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni wọ́n ń gùn dé òkè rẹ̀. Títì tí wọ́n dà pàápàá máa ń tẹ̀ díẹ̀ sí ọ̀nà gọ́tà kí omi lè rí ibi ṣàn sí. Ọkọ̀ tí wọ́n di ẹrù kún bùùtù rẹ̀ kò nílò òkè gíga kó tó yí. Bí aláàárù bá fi ẹ̀yìn tì í pẹ́rẹ́, ó ti tó.

Ẹ̀yin tí mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ ni ẹ̀yin oníṣòwò tí ọkọ̀ yín ti dàgbà: Camry Orobo, Golf 3, Primera, Mazda 626, àti àwọn ẹgbẹ́ wọn tó ṣì ń fi gbogbo agbára ṣiṣẹ́. Kò sí ohun tó burú nínú ọkọ̀ àtijọ́. Ọkọ̀ tí wọ́n bá ń tọ́jú, ó lè ju ọdún ọgbọ̀n lọ kó sì ṣì dára. Ṣùgbọ́n ohun kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí ẹ̀yin kì í rí, tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kì í sì í wò àyàfi tí ẹ bá pe àkíyèsí wọn sí i. Wáyà háńbíréèkì ni.

Ọ́ìlì ni bíréèkì ẹsẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́. Háńbíréèkì kò bá ọ́ìlì da nǹkan kan pọ̀, wáyà nìkan ló gbójú lé. Tí ẹ bá fa ọ̀pá rẹ̀ sókè, wáyà kan á fa irin kékeré kan lábẹ́ ọkọ̀. Irin yìí á pín agbára náà sí wáyà méjì, ọ̀kan lọ sí táyà ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, èkejì lọ sápá òsì. Nínú dúrọ́ọ̀mù táyà kọ̀ọ̀kan, wáyà á fa apá irin kan, apá irin náà á ti ṣúù bíréèkì méjèèjì síta kí wọ́n lè di dúrọ́ọ̀mù mú pinpin. Ká-ká-ká tí ẹ ń gbọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó yín ni ìró eyín irin tó ń há ọ̀pá náà síbi tí ẹ fà á dé. Nínú Sienna àtijọ́, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ tirẹ̀, ṣùgbọ́n wáyà kan náà ló wà nídìí rẹ̀. Irú wáyà tó ń yọ̀ nínú ìfun rọ́bà báyìí kì í ṣe ohun tuntun rárá: ní 1896 ni Ernest Bowden gba ìwé àṣẹ lé e lórí ní Ìlú Ọba, òun náà ló sì wà lára bíréèkì kẹ̀kẹ́ ológeere dòní.

Nítorí pé kò bá ọ́ìlì pọ̀ ni wọ́n fi ṣe é. Lọ́jọ́ tí ọ́ìlì bíréèkì bá jò tán, tí ẹsẹ̀ yín wọlẹ̀ lórí pẹ́dà tí ọkọ̀ kò sì dúró, wáyà méjèèjì yẹn ló kù tí ẹ ní. Ẹni tó bá ti sọ wọ́n di aláìlágbára ti fọwọ́ ara rẹ̀ já okùn kejì.

Ẹ wò ó nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ògbólógbòó wáyà kan sílẹ̀. Rọ́bà dúdú ló wà lóde. Abẹ́ rọ́bà ni irin tó lọ́ yíká wà, ike tẹ́ẹ́rẹ́ wà nínú irin, àárín ike yẹn ni wáyà gan-an gbà, òun náà sì jẹ́ òwú irin wẹ́wẹ́ tí wọ́n lọ́ pọ̀. Ẹ fi ọwọ́ tọ rọ́bà náà lọ títí dé ibi tó ti tẹ̀ kọ́rọ́ nítòsí táyà. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti bá a tó ti là, ìlà tí kò ju èékánná lọ, omi pupa ìpẹtà sì ti gbẹ mọ́ ẹnu rẹ̀. Ẹ di orí rẹ̀ méjèèjì mú kí ẹ fà á síbí, fà á sọ́hùn-ún. Ó yẹ kó máa yọ̀ láìsí ariwo. Èyí tó ti bàjẹ́ á máa dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó ń rún yanrìn lẹ́nu, tàbí kó má tilẹ̀ mira rárá. Tí ẹ bá rọra fà á síta, ẹ ó rí i tí àwọn òwú irin kan ti já, tí ẹnu wọn yọ síta tó ń gún ni lọ́wọ́. Bí mẹ́ta bá já lónìí, ìyókù ló ń ru ẹrù wọn, wọn kò sì ní lè rù ú pẹ́.

Èkó kì í ṣàánú irú wáyà bẹ́ẹ̀. Ní àsìkò òjò, ẹni tó bá ti gba Ìdúmàgbò tàbí Àdẹ́níjì Adélé kọjá mọ bí omi ṣe máa ń kún títí dé àárín táyà, omi gọ́tà pẹ̀lú omi ọ̀sà tó níyọ̀. Omi náà á wọ inú ìlà kékeré yẹn, á sì jókòó síbẹ̀ lẹ́yìn tí títì ti gbẹ. Àwọn tòkunbọ̀ tiwa náà ti gbé àìsàn tiwọn wá láti òkè òkun. Ní Bẹ́ljíọ̀mù, Kánádà àti apá àríwá Amẹ́ríkà, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù kí yìnyín lè yọ́, iyọ̀ náà á sì ti máa jẹ abẹ́ ọkọ̀ fún ọdún gbọọrọ kí wọ́n tó dì í sínú ọkọ̀ ojú omi wá sí Àpápá. Wọ́n á kùn ún lóde kó máa dán. Kò sẹ́ni tó ń kun wáyà háńbíréèkì.

Àìlò náà ń bà á jẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wa ọtomátíìkì kì í fọwọ́ kan háńbíréèkì rárá, wọ́n á ti jíà sí P, wọ́n á sì bọ́ọ́lẹ̀. Bí oṣù ti ń gorí oṣù, wáyà tí kò mira á gan mọ́ inú ìfun rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá fà á, ó lè mú, àmọ́ kò ní tú sílẹ̀ mọ́. Ọkọ̀ á máa wọ́, dúrọ́ọ̀mù á gbóná janjan, òórùn ohun tó ń jóná á gba inú ọkọ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ á búra pé òun kò tún fọwọ́ kàn án mọ́ láé, nígbà tó jẹ́ pé fífọwọ́ kàn án lójoojúmọ́ ni kì í jẹ́ kó gan.

Ọkọ̀ kì í ṣàdédé já ni kulẹ̀ láìfi àmì hàn. Tí ọ̀pá bá ń ga sí i ju bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, tó ti ń sún mọ́ ìgúnpá yín kó tó mú, ṣúù ti jẹ tàbí wáyà ti nà. Ọkọ̀ púpọ̀ ló yẹ kó mú kí ẹ tó gbọ́ ká-ká-ká ẹlẹ́ẹ̀kẹwàá, ìwé ọkọ̀ yín ni yóò sọ iye tó jẹ́ gan-an. Tí ọ̀pá bá fúyẹ́ lọ́wọ́ yín lójijì bí ẹni pé kò sí nǹkan nídìí rẹ̀, wáyà ti já. Tí táyà ẹ̀yìn kan bá ń gbóná ju èkejì lọ lẹ́yìn ìrìn kúkúrú, ó ṣeé ṣe kí wáyà ẹ̀gbẹ́ yẹn ti gan. Ẹ má fi ọwọ́ lásán kan irin táyà yẹn o, ẹ sún ọwọ́ mọ́ ọn, ẹ ó mọ̀. Iná pupa tó bá sì ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù lẹ́yìn tí ẹ ti sọ ọ̀pá sílẹ̀, ẹ yẹ ọ́ìlì bíréèkì wò lójú ẹsẹ̀, torí iná kan náà ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń lò fún méjèèjì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi wà gan-an rèé, ohun tí wọ́n ń ṣe fún wáyà yìí lẹ́bàá títì. Wáyà já, ẹ gbé ọkọ̀ lọ bá mẹkáníìkì, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ má ṣèyọnu, mo máa bá yín so ó." Á gé ibi tó já dànù, á mú ẹnu méjèèjì, á kó wọn, á sì fi wáyà tí wọ́n fi ń di irin ilé yí i ká. Pílíásì á fún un pọ̀. Ẹ fa ọ̀pá, ó mú! Ẹ sanwó, ẹ dúpẹ́. Wáyà ìdirin yẹn kì í ṣe irin líle, wọ́n ṣe é kó rọ̀ ni, kí ọwọ́ lè lọ́ ọ. Ẹ̀ẹ̀kan tí ẹ bá fi agbára fa háńbíréèkì, kókó náà á yọ̀ díẹ̀. Bó ti ń yọ̀ lójoojúmọ́ nìyẹn, láìjẹ́ pé ẹ mọ̀, títí ọkọ̀ á fi wà lẹ́sẹ̀ Afárá Carter pẹ̀lú ẹrù, tí kókó á sì tú. Kókó náà kò sì lè wọ inú ìfun wáyà, ìta ló máa wà, níbi tí omi àti yanrìn ti ń bà á jẹ́. Mo sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú: wáyà háńbíréèkì kì í ṣe ohun tí wọ́n ń so, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń jó, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń lẹ̀. Pípààrọ̀ ni.

Àtúnṣe burúkú kejì fara sin ju ti kókó lọ. Háńbíréèkì kò mú dáadáa, mẹkáníìkì á sáré lọ sídìí ọ̀pá, á fi sípánà mú nọ́ọ̀tì ibẹ̀ le kí wáyà lè fà. Ó mú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ṣúù ló ti jẹ tán nínú dúrọ́ọ̀mù, wọn kò sì ṣí i wò. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Wáyà tí wọ́n fà ju bó ṣe yẹ lọ á máa wà ní fífà nígbà gbogbo, ṣúù á máa ha dúrọ́ọ̀mù kódà nígbà tí ọkọ̀ bá ń lọ, èyí tó kù lára ṣúù á sì tètè tán. Dúrọ́ọ̀mù ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣí. Kí wọ́n wo ṣúù, kí wọ́n wò ó bóyá ọ́ìlì ti jò sí i lára, torí ṣúù tó bá ti mu ọ́ìlì kò lè mú mọ́, bí ẹ tiẹ̀ fọ̀ ọ́ títí, pípààrọ̀ rẹ̀ ló kù. Kí wọ́n sún ṣúù mọ́ dúrọ́ọ̀mù bó ṣe tọ́, lẹ́yìn náà ni kí wọ́n tó wá mú wáyà. Bí ọ̀rọ̀ ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn nìyẹn nínú ọkọ̀ onídúrọ́ọ̀mù.

Ẹ̀kẹta ni ti àwọn tó máa gé wáyà náà kúrò pátápátá. "Ọtomátíìkì ni tiyín, P ti tó." Kò tó. Ohun tó ń di ọkọ̀ mú nígbà tí jíà bá wà ní P ni irin kékeré kan tó há sínú eyín irin mìíràn nínú jíábọ́ọ̀sì. Ó lè má há dáadáa, ó lè já bí ọkọ̀ mìíràn bá kọ lù ú. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, awakọ̀ ló rò pé P lòún fi jíà sí. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹfà 2016, ní Los Angeles, Anton Yelchin, òṣèré fíìmù tó jẹ́ ọmọ ọdún 27, sọ̀ kalẹ̀ nínú Jeep Grand Cherokee rẹ̀ ní ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wọ ilé rẹ̀. Ọkọ̀ náà yí, ó sì há a mọ́ géètì títí tó fi kú. Jíà irú ọkọ̀ yẹn máa ń da awakọ̀ lójú rú, ilé iṣẹ́ tó ṣe é sì ti kéde ní oṣù mélòó kan ṣáájú pé òun ń pe irú wọn tó lé ní mílíọ̀nù kan padà fún àtúnṣe. Ọkọ̀ tuntun ni tirẹ̀ o, kì í ṣe tòkunbọ̀. Ẹ kọ́kọ́ fa háńbíréèkì, kí ẹ tó ti jíà sí P, kí ẹ sì tó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì.

Tí ẹ bá fẹ́ ra wáyà, Ládípọ̀ ní Múṣin ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń lọ. Ẹ mú ògbólógbòó rẹ̀ dání, torí wáyà ọ̀tún àti ti òsì kì í gùn dọ́gba nínú ọkọ̀ púpọ̀, orí wọn kì í sì í rí bákan náà. Ẹ tẹ́ méjèèjì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níwájú ẹni tó ń tà á, kí ẹ wọ̀n wọ́n láti orí dé ìdí. Tuntun ni kí ẹ rà. Èmi kò rí ìdí tí èèyàn á fi lọ ra wáyà tí wọ́n tú lára ọkọ̀ mìíràn, wáyà tí ẹnikẹ́ni kò lè rí inú rẹ̀. Ẹ sì pààrọ̀ méjèèjì pọ̀, nítorí bí ọ̀kan bá ti já, èkejì kò ní pẹ́ tẹ̀ lé e, omi kan náà làwọn méjèèjì jọ mu. Kí mẹkáníìkì rí i pé gbogbo ìdè tó di wáyà mọ́ abẹ́ ọkọ̀ padà síbi tó wà, pé kò fara kan sàlẹ́ńsà tó ń gbóná, pé kò sì fara gbún táyà.

Ọ̀rọ̀ kan wà fún ẹ̀yin mẹkáníìkì fúnra yín àti àwọn ọmọ iṣẹ́ yín. Táyà ẹ̀yìn ni háńbíréèkì ń mú. Nígbà tí ẹ bá fi jáàkì gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ kúrò nílẹ̀, háńbíréèkì kò di nǹkan kan mú mọ́, kódà kó jẹ́ tuntun. Ẹ fi wẹ́ẹ̀jì sí táyà iwájú, níwájú àti lẹ́yìn rẹ̀, ẹ gbé ọkọ̀ lé irin tó dúró gbọnyin, kí ọmọ iṣẹ́ tó tẹ orí bọ abẹ́ rẹ̀. Jáàkì nìkan kò tó gbé ẹ̀mí lé. Ẹ má sì fi atẹ́gùn tàbí ẹnu fẹ́ eruku inú dúrọ́ọ̀mù. Àwọn ṣúù àtijọ́ kan ní asibẹ́sítọ́ọ̀sì nínú, eruku rẹ̀ a sì máa wọ ẹ̀dọ̀fóró, á máa bá a jà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí àìsàn tó yọjú. Omi ni kí ẹ fi rin ín, kí ẹ fi àkísà nù ún.

Ẹni tó bá gbọ́dọ̀ dúró sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ nítòsí afárá, kó tún yí táyà iwájú. Ọwọ́ ọ̀tún ni a ń wakọ̀ ní Nàìjíríà láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972, nítorí náà ọwọ́ ọ̀tún yín ni etí títì wà. Tí iwájú ọkọ̀ bá kọ sí ìsàlẹ̀, ẹ yí táyà sọ́tùn-ún. Tó bá kọ sókè tí etí títì sì ga, ẹ yí i sósì, kó lè jẹ́ pé bó bá yí padà, etí títì ni yóò fi táyà gbá. Tó bá jẹ́ jíà ọwọ́, ẹ fi sí jíà kìíní bí ọkọ̀ bá kọjú sókè, kí ẹ fi sí ti ìpadàsẹ́yìn bó bá kọjú sísàlẹ̀. Ẹ má fi ọmọdé sílẹ̀ nínú ọkọ̀, torí ọwọ́ rẹ̀ lè tẹ bọ́tìnì ọ̀pá náà. Wẹ́ẹ̀jì tí àwọn kọ̀ńdọ́ máa ń sáré fi sídìí táyà dára, mo sì gbà kí ẹ ní ọ̀kan ní bùùtù. Àmọ́ ìrànlọ́wọ́ ni, kò lè dípò háńbíréèkì.

Ẹ rántí ọjọ́ 28 oṣù kẹfà 2018 lórí Afárá Ọ̀tẹ́dọlá. Ọkọ̀ agbépo bẹntiróòlù ni bíréèkì kọ̀ fún lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ níbẹ̀. Èèyàn mẹ́sàn-án ni wọ́n kọ́kọ́ kéde pé wọ́n kú, ọkọ̀ tó lé ní 50 sì jóná. Atẹ́gùn ni irú ọkọ̀ ńlá bẹ́ẹ̀ fi ń mú bíréèkì, kì í ṣe irú wáyà tí mò ń sọ yìí, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá rí àwòrán ọjọ́ náà kò gbọ́dọ̀ tún fi ọ̀rọ̀ bíréèkì ṣeré.

Láti 2017 ni àwọn ibùdó àyẹ̀wò ọkọ̀ LACVIS ti wà ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ẹ̀rọ ni wọ́n sì fi ń wọn agbára bíréèkì níbẹ̀. Ní Ìlú Ọba, ọkọ̀ tí agbára háńbíréèkì rẹ̀ kò bá tó 16 nínú 100 ìwúwo rẹ̀ máa ń kùnà ìdánwò ọdọọdún. Àwa náà ò gbọ́dọ̀ máa wá ìwé ẹ̀rí láìjẹ́ pé ọkọ̀ dé ibi àyẹ̀wò. Ìwé kì í di táyà mú.

Ẹ̀yin náà lè dán an wò. Ẹ wá ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ díẹ̀ tí kò sí èèyàn, lówùúrọ̀ ọjọ́ Àìkú. Ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì, ẹ fa háńbíréèkì, ẹ fi jíà sí N, kí ẹ wá rọra gbé ẹsẹ̀ sókè, ṣùgbọ́n kó má jìnnà sí pẹ́dà. Tí ọkọ̀ bá dúró gbári, ó dára. Tó bá yí, kódà díẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ má gbé e wọ Balógun lọ́jọ́ Ajé. Ẹ fi í sílẹ̀ nílé, ẹ wọ BRT lọ sí CMS, kí ẹ fi ẹsẹ̀ rin ìyókù, títí wọ́n á fi fi wáyà tuntun méjèèjì sí i.